Abẹ́rẹ́ gíríìpù lọ́dọọdún: ilé là ń wò

Àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára kan wà tí ènìyàn ń gbà ní èwe, tí agbára wọn sì ń wà lára rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Abẹ́rẹ́ gíríìpù kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń gún un. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kò sí lára àwọn abẹ́rẹ́ tí ìjọba ń gún fún gbogbo ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ ni yóò wá a, òun náà ni yóò sì san owó rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń di àríyànjiyàn nínú ẹbí. Ọmọ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu lè sọ pé kí ìyá òun lọ gbà á. Ìyá lè dáhùn pé láti ìgbà tí òun ti dáyé, àgbo ni òun fi ń lé ọ̀fìnkìn lọ. Àbúrò bàbá lè sọ pé abẹ́rẹ́ náà gan-an ni ó ń fa àrùn. Ẹlòmíràn lè béèrè pé, bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, kí ló dé tí wọ́n fi ń tún un gún lọ́dọọdún?

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Wọ́n yẹ ní dídáhùn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bákan náà ni ó yẹ kí ẹbí wo ilé kí wọ́n tó pinnu lórí abẹ́rẹ́ yìí. Àwọn wo ni ó ń gbé inú ilé náà? Ọjọ́ orí wọn ń kọ́? Àìsàn wo ni ó ti wà lára wọn? Irú iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe, ibo sì ni wọ́n ń lọ? Láti inú ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí ni ìpinnu rere ti ń jáde.

Gíríìpù yàtọ̀ sí ọ̀fìnkìn

Orúkọ tí àwọn Faransé ń pe àrùn yìí ni grippe. Nínú ilé, àwọn ènìyàn máa ń pè é ní ọ̀fìnkìn, tàbí òtútù, tàbí ibà. Ṣùgbọ́n ọ̀fìnkìn lásán kì í sábà dá ènìyàn dúbúlẹ̀. Imú a máa ṣomi, ọ̀fun a máa dun ni, síbẹ̀ ènìyàn a máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Gíríìpù máa ń dé lójijì. Ẹni tí ó lọ sí oko ní òwúrọ̀ pẹ̀lú ara líle lè padà wálé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ara gbígbóná, orí fífọ́, ikọ́ gbígbẹ, àti ìrora nínú ẹran ara àti oríkèé. Okun inú rẹ̀ a tán. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, àìsàn náà a máa rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bí wọn kò tilẹ̀ rí dókítà. Ikọ́ nìkan ni ó lè kù, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ewu rẹ̀ wà ni ara àwọn tí wọn kò lágbára. Lára wọn, àrùn náà lè sọ̀kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó di òtútù àyà. Ó lè mú kí àrùn ọkàn, àtọ̀gbẹ tàbí ikọ́ fée tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ burú sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí orúkọ rẹ̀ ní kúkúrú ń jẹ́ OMS, sọ pé gíríìpù máa ń mú nǹkan bíi bílíọ̀nù kan ènìyàn lọ́dún ní gbogbo ayé. Ó máa ń le gan-an fún mílíọ̀nù 3 sí mílíọ̀nù 5 nínú wọn. Àwọn tí ó ń tipa rẹ̀ kú lọ́dún kan wà láàárín 290 000 sí 650 000.

Kòkòrò tí ń fa àrùn náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù kọ́kọ́ rí i mú lára ènìyàn. Ṣùgbọ́n àrùn náà ti ń pa ènìyàn kí wọ́n tó mọ kòkòrò rẹ̀. Ní ọdún 1918, bí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ti ń parí lọ, gíríìpù líle kan yí gbogbo ayé ká. Ọkọ̀ ojú omi gbé e dé àwọn èbúté Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì wọ Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Láti ibẹ̀ ni ó ti gba ojú irin àti ọ̀nà ọjà wọ àárín ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ni ó kú ní ayé nígbà náà, kò sì sí abẹ́rẹ́ kankan tí ó lè dènà rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni gíríìpù

Kí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tó jìnnà, ohun kan wà tí ó ṣe pàtàkì púpọ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà, èyí tí wọ́n ń pè ní palu ní ilé ìwòsàn, jọ gíríìpù púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Méjèèjì ni ó ń mú ara gbóná. Méjèèjì ni ó ń mú orí fọ́, tí ó sì ń mú oríkèé ro ni. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, bí ojú náà tilẹ̀ jẹ́ ti àgbà.

Ní ilé ìwòsàn, wọn a máa gún ọmọ ìka díẹ̀, wọn a sì kán ẹ̀jẹ̀ sórí ohun àyẹ̀wò kékeré kan. Kò ní pẹ́ tí àyẹ̀wò náà yóò fi sọ bóyá ibà wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná nílò àyẹ̀wò yìí kíákíá, àní bí imú rẹ̀ bá ń ṣomi pàápàá. Ibà lè pa ọmọdé láàárín ọjọ́ díẹ̀, abẹ́rẹ́ gíríìpù kò sì ní agbára kankan lórí rẹ̀. Ẹni tí ó ti gba abẹ́rẹ́ gíríìpù, tí ara rẹ̀ wá gbóná, kò gbọdọ̀ fi ọkàn balẹ̀ nítorí abẹ́rẹ́ náà. Kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ibà ti ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀ báyìí. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gún un fún àwọn ọmọ kékeré. Òun àti ti gíríìpù kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀kan kò sì lè ṣe iṣẹ́ èkejì.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ọdọọdún?

Ọ̀rọ̀ náà, àjẹsára, ti wà lẹ́nu Yorùbá kí abẹ́rẹ́ tó dé. Àwọn àgbà fi ń pe oògùn tí ènìyàn ń lò ṣáájú, kí ibi tó dé, kí ara lè ti wà ní ìmúrasílẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ń ṣe. Ó ń fi àwòrán ọ̀tá han àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ara. Nígbà tí ọ̀tá gan-an bá dé, àwọn ẹ̀ṣọ́ ti mọ̀ ọ́n, wọn a sì tètè dìde sí i.

Àwọn àrùn kan kì í pààrọ̀ ojú. Ara tí ó ti mọ èéyi dáadáa lẹ́ẹ̀kan kì í sábà gbàgbé rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí ọmọ tí ó gba abẹ́rẹ́ èéyi bí ó ti yẹ fi ń ní ààbò títí di àgbà. Gíríìpù kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò rẹ̀ dà bí egúngún tí ń pààrọ̀ ẹ̀kú. Egúngún tí ó jáde lọ́dún tó kọjá pẹ̀lú aṣọ pupa lè jáde lọ́dún yìí pẹ̀lú aṣọ aláró. Ẹni tí ó jẹ́ pé aṣọ ni ó fi dá a mọ̀ kò ní mọ̀ pé òun kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ara ènìyàn kì í tètè dá kòkòrò gíríìpù mọ̀ nígbà tí ó bá ti pààrọ̀ ẹ̀kú rẹ̀.

Ìdí kejì tún wà. Agbára tí abẹ́rẹ́ gíríìpù fún ara máa ń dín kù bí oṣù ti ń gorí oṣù. Bí kòkòrò kò tilẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀kú, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara a máa rẹ̀. Ó yẹ kí a tún jí wọn.

Nítorí èyí, àwọn ilé àyẹ̀wò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń ṣọ́ kòkòrò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí. Láti ọdún 1952 ni OMS ti ń so iṣẹ́ wọn pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni àwọn onímọ̀ ń ṣe ìpàdé lórí rẹ̀: ní oṣù kejì fún apá àríwá ayé, ní oṣù kẹsàn-án fún apá gúúsù. Wọn a wo ẹ̀kú tí kòkòrò náà ń gbé jáde lọ́wọ́lọ́wọ́. Wọn a sì sọ fún àwọn ilé iṣẹ́ irú abẹ́rẹ́ tí ó yẹ kí wọ́n ṣe. Inú ẹyin adìyẹ ni wọ́n ti ń tọ́ kòkòrò tí wọ́n fi ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú abẹ́rẹ́ náà. Iṣẹ́ yìí ń gbà tó oṣù mẹ́fà. Láàárín oṣù mẹ́fà, egúngún náà lè tún aṣọ pààrọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, agbára abẹ́rẹ́ ọdún náà a dín kù.

Ohun tí ó lè ṣe, ohun tí kò lè ṣe

Òtítọ́ ni pé abẹ́rẹ́ gíríìpù kì í ṣe odi tí ọ̀tá kò lè fò. Ní ọdún tí ó bá bá kòkòrò mu dáadáa, ó máa ń dín àwọn tí gíríìpù ń gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà kù ní ìdá 40 sí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí. Ká sọ pé ènìyàn 10 wà, tí gíríìpù ìbá gbé gbogbo wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Bí gbogbo wọn bá ti gba abẹ́rẹ́ náà, ènìyàn 4 sí 6 nínú wọn kò ní dé ibẹ̀. Àwọn yòókù lè ṣàìsàn, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà sábà máa ń mú kí àìsàn wọn fúyẹ́ sí i.

Fún ẹni tí ara rẹ̀ le, èrè yìí lè dà bí ohun kékeré. Fún ìyá àgbà tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, ó lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta lórí ẹní nílé àti ọ̀sẹ̀ méjì ní ilé ìwòsàn.

Ìbẹ̀rù kan ń bẹ pé abẹ́rẹ́ náà ń fa gíríìpù. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí apá kò lè fa á. Kòkòrò tí ó wà nínú rẹ̀ ti kú, tàbí kí ó jẹ́ èérún ara rẹ̀ lásán. Òkú ọ̀tá kò lè jagun. Ohun tí ènìyàn lè rí ni pé apá lè dùn ún, ojú ibi tí wọ́n gún lè wú díẹ̀, ara sì lè gbóná tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ a lọ.

Kí ló wá dé tí àwọn kan fi ń ṣàìsàn lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà á? Ọ̀nà mẹ́ta ni ó lè gbà ṣẹlẹ̀. Èkíní, abẹ́rẹ́ náà nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ara. Gíríìpù tí ó bá wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà lè ráyè. Èkejì, oríṣiríṣi kòkòrò mìíràn ni ó ń fa ọ̀fìnkìn àti ikọ́, abẹ́rẹ́ yìí kò sì bá wọn jà. Ẹ̀kẹta, kòkòrò gíríìpù lè ti pààrọ̀ ẹ̀kú, gẹ́gẹ́ bí a ti wí.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n gbà á. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kéré jù fún un. Ẹni tí abẹ́rẹ́ gíríìpù ti bá ara rẹ̀ jà gidigidi rí, tí ojú rẹ̀ wú, tàbí tí èémí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè jáde, kò gbọdọ̀ tún gbà á láìjẹ́ pé dókítà pàṣẹ. Ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná gan-an lọ́wọ́ yóò dúró títí ara rẹ̀ yóò fi tutù.

Àwọn tí ó yẹ kí wọ́n wà níwájú

OMS dárúkọ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rí abẹ́rẹ́ yìí gbà. Wíwo ilé ti bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Àwọn àgbà ni àkọ́kọ́. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara a máa dẹ́kun láti tètè dìde. Àwọn tí gíríìpù ń pa pọ̀ jù láàárín àwọn tí ó ti lé ní ọdún 65.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá jà, ìbáà jẹ́ ọmọdé, ìbáà jẹ́ àgbà. Lára wọn ni ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, ikọ́ fée, àrùn ọkàn, àrùn kíndìnrín, àti àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ń bá ogun kan jà tẹ́lẹ̀. Gíríìpù a wá di ogun kejì.

Aboyún náà wà níwájú. Ara aboyún ń gbé ẹrù ènìyàn méjì, gíríìpù sì lè le fún un ju bí ó ti ń le fún obìnrin mìíràn lọ. Ó lè gba abẹ́rẹ́ náà ní oṣù èyíkéyìí tí oyún rẹ̀ bá wà. Èrè kejì wà níbẹ̀. Ọmọ tuntun kò lè gba abẹ́rẹ́ gíríìpù títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ti gbà á nínú oyún, díẹ̀ nínú ààbò ara rẹ̀ a máa kọjá sára ọmọ, a sì máa ṣọ́ ọ ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn. Ẹ̀bùn tí ìyá fún ọmọ kí ó tó bí i ni.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera pẹ̀lú wà nínú ètò yìí: agbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì, dókítà, àti àwọn tí ń tún ilé ìwòsàn ṣe. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbọ́ ikọ́ aláìsàn. Bí wọn kò bá dáàbò bo ara wọn, wọ́n lè gba àrùn lọ́wọ́ aláìsàn kan, kí wọ́n sì gbé e fún òmíràn tí kò lágbára.

Àwọn ọmọdé láti oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún náà wà lára àwọn tí gíríìpù lè ṣe ní ìkà. Ọmọ tí ó bá ń gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́ sábà máa ń nílò abẹ́rẹ́ méjì, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán, wà láàárín wọn.

Ẹni tí kò sí nínú àwọn wọ̀nyí ń kọ́? Ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún tí ara rẹ̀ le lè dúró ná bí owó bá ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀, kí ó wo ẹni tí wọ́n jọ ń gbé. Bí ó bá ń sùn ní yàrá kan náà pẹ̀lú bàbá tí kò lè mí dáadáa, tàbí pẹ̀lú ọmọ oṣù méjì, abẹ́rẹ́ tí ó bá gbà kì í ṣe ti òun nìkan. Ẹni tí àrùn kò bá wọ ara rẹ̀ kò ní gbé e wọlé.

Àwọn tí ń lọ sí Mẹ́kà

Ní Àjàṣẹ́, ní Sákété àti ní àwọn ìlú mìíràn tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń tọ́jú owó fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó lè lọ sí Hájì. Nígbà tí owó yóò bá fi pé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di àgbà. Ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ ti wà lára àwọn mìíràn.

Ní ọdún 2024, àwọn tí ó péjọ fún Hájì lé ní 1 800 000. Gbogbo ilẹ̀ ayé ni wọ́n ti wá, olúkúlùkù pẹ̀lú kòkòrò àrùn tí ó wà ní ìlú rẹ̀. Wọ́n jọ ń rìn, wọ́n jọ ń kírun, wọ́n sì ń sùn nínú àgọ́ Mínà ní ìsúnmọ́ra. Gíríìpù kì í wá ibi tí ó dára fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìjọba Sáúdí Arábíà ti sọ abẹ́rẹ́ yírùnyírùn di dandan fún gbogbo ẹni tí ń lọ sí Hájì, ó sì gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá, ó kéré tán, kí ẹni náà tó dé ọ̀hún. Ẹni tí ń bọ̀ láti ilẹ̀ bíi Bẹ̀nẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú pẹ̀lú. Ní ti gíríìpù, ìjọba náà ń gba àwọn arìnrìn-àjò níyànjú pé kí wọ́n gbà á. Nítorí náà, Alájì tàbí Alájà tí ó ti gba abẹ́rẹ́ méjì kò gbọdọ̀ rò pé ti gíríìpù ti wà nínú wọn. Kí ó béèrè rẹ̀ ní orúkọ. Kí ó sì gbà á ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán, kí ọkọ̀ òfurufú tó gbéra. Òfin ìrìn àjò lè yí padà lọ́dọọdún, ó sì dára kí wọ́n tún béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣètò ìrìn àjò náà.

Nígbà wo, níbo?

Ní ilẹ̀ òtútù bíi Faransé, ìgbà òtútù ni gíríìpù ń jà. Ní ilẹ̀ olóoru bíi Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, kò ní ìgbà kan ṣoṣo. Ó lè wà káàkiri ọdún, ó sì máa ń pọ̀ sí i nígbà mìíràn, pàápàá ní àsìkò òjò. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba abẹ́rẹ́ náà yẹ kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà tàbí agbẹ̀bí ìgbà tí tuntun máa ń dé àdúgbò rẹ̀.

Ibi tí ènìyàn ti ń gbà á ṣe pàtàkì bí abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀. Abẹ́rẹ́ gíríìpù gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù tí ó wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8, láti ilé iṣẹ́ títí di apá ènìyàn. Bí ó bá ti pẹ́ nínú oòrùn, tàbí tí iná lọ tí fíríìjì gbóná fún ìgbà pípẹ́, agbára rẹ̀ lè tán. Bí ó bá sì dì bí yìnyín, ó ti bàjẹ́. Ojú kò lè fi èyí mọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí a ń rà ní orí àtẹ. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ kò tíì gbàgbé ọdún 2017, nígbà tí ìjọba kó oògùn ayédèrú àti oògùn aláìnídìí ní ọjà Àjégunlẹ̀ ní Dantokpa, ní Kútọnu. Oògùn orí àtẹ léwu. Abẹ́rẹ́ orí àtẹ léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbi yìí ni ìwé kíkà ti ń ṣe olówó rẹ̀ láǹfààní. Ẹni tí ó ti mọ̀wé lè gba páálí abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, kí ó sì kà á. Kí ó wá lẹ́tà mẹ́ta wọ̀nyí: EXP. Ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé wọn ni ọjọ́ tí agbára abẹ́rẹ́ náà yóò parí. Kí ó tún wo ọdún tí wọ́n ṣe é fún. Abẹ́rẹ́ ọdún tó kọjá, aṣọ egúngún ọdún tó kọjá ni ó mọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gún un tán, kí ó rí i pé wọ́n kọ orúkọ abẹ́rẹ́ àti ọjọ́ náà sínú ìwé àjẹsára rẹ̀.

Bí owó kò bá tó

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, owó abẹ́rẹ́ gíríìpù fún gbogbo ènìyàn kò lè wà. Kò sí ìtìjú nínú èyí. Ohun tí ó yẹ ni kí wọ́n fi ọgbọ́n pín owó tí ó wà.

Àwọn abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń gún fún ọmọdé ni àkọ́kọ́: ti èéyi, ti rọpárọsẹ̀, ti ibà pọ́njú, ti òtútù àyà, àti àwọn yòókù. Kò yẹ kí ìyá kan máa wá owó gíríìpù kiri nígbà tí ọmọ rẹ̀ kò tíì gba àwọn wọ̀nyí tán. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀n ẹ̀fọn àti owó àyẹ̀wò ibà. Lẹ́yìn èyí, bí owó bá ṣẹ́kù fún abẹ́rẹ́ gíríìpù kan ṣoṣo, kí àwọn ọmọ ilé pa owó pọ̀, kí wọ́n sì fún ẹni tí kò lágbára jù nínú ilé. Ó lè jẹ́ ìyá àgbà tí ó ní àtọ̀gbẹ. Ó lè jẹ́ ìyàwó tí ó lóyún. Ó lè jẹ́ ọmọ tí ó ní ikọ́ fée. Ilé kọ̀ọ̀kan ni yóò mọ ti rẹ̀.

Ohun tí kò ná ni lówó púpọ̀

Yálà ènìyàn gba abẹ́rẹ́ tàbí kò gbà á, àwọn ìṣọ́ra kan wà fún gbogbo ilé. Afẹ́fẹ́ ikọ́ àti ìka ọwọ́ ni gíríìpù fi ń rìn. Ẹni tí ń wúkọ́ tàbí tí ń sín yẹ kí ó fi ìgbọ̀nwọ́ bo ẹnu, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Omi àti ọṣẹ ń lé kòkòrò kúrò lọ́wọ́. Fèrèsé ṣíṣí ń lé e kúrò ní yàrá. Aláìsàn kò gbọdọ̀ gbé ọmọ ọwọ́, kò sì yẹ kí ó bá arúgbó jẹun nínú àwo kan náà títí ara rẹ̀ yóò fi yá.

Ẹni tí gíríìpù mú yẹ kí ó sinmi, kí ó sì mu omi púpọ̀. Paracétamol, ní ìwọ̀n tí ó yẹ ọjọ́ orí rẹ̀, lè mú kí ara gbígbóná rọ̀. Aspirin kò yẹ fún ọmọdé tí ó ní gíríìpù. Oyin kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Antibiotique kì í pa kòkòrò gíríìpù. Dókítà nìkan ni ó lè sọ ìgbà tí ó yẹ kí aláìsàn lò ó.

Ilé kò tó ìtọ́jú mọ́ bí èémí bá ń ṣòro, bí àyà ọmọ bá ń wọnú nígbà tí ó bá ń mí, bí ètè bá ń dúdú, bí ọmọ kò bá lè mu ọmú tàbí omi, bí gìrì bá mú un, tàbí bí àgbàlagbà bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìsọkúsọ. Bákan náà, bí ara bá ti tutù, tí ó tún wá gbóná padà pẹ̀lú ikọ́ tí ó le ju ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má ṣe dúró di ọ̀la. Ilé ìwòsàn ni ó kàn.

Ìbéèrè tí ń padà wá lọ́dọọdún

Ilé tí ẹbí kan wò lọ́dún yìí lè má rí bákan náà lọ́dún tí ń bọ̀. Ọ̀dọ́bìnrin tí ó lè dúró lọ́dún tó kọjá lè ti di aboyún. Bàbá tí ara rẹ̀ le lè ti gbọ́ lẹ́nu dókítà pé òun ní àtọ̀gbẹ. Ìyá àgbà lè ti oko wá máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà nígbà náà lè ti máa sáré kiri àgbàlá.

Abẹ́rẹ́ náà ń yí padà nítorí pé kòkòrò ń pààrọ̀ ẹ̀kú. Ìpinnu náà gbọ́dọ̀ máa yí padà nítorí pé ilé ń yí padà. Kò sí ẹni tí ó lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún gbogbo ayé rẹ̀. Nígbà tí ọdún bá tún yí po, kí bàbá, ìyá àti ọmọ jókòó, kí wọ́n ka àwọn tí ó wà nínú ilé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó ka owó.